Orúkọ Tí Ìyàwó Mi Kò Pè

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ìyá mi ránṣẹ́ sí àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí a máa bọ̀ ní Thamesmead, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ti ṣáájú wa dé, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé. Èmi ni àkọ́bí. Mi ò kàwé jìnnà. Ọdún kan péré ni mo lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi mí sí ní Woolwich kí n tó sá jáde, mo lọ wọṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Belvedere, níbi tí a ti ń di ẹrù sínú páálí. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: bí wọ́n ṣe kọ̀ láti jẹ́ kí ìyàwó mi wá bá mi, àti ẹni tó fà á. Ó súnmọ́ ọdún kan tí gbogbo ilé fi rò pé òun ló fà á. Èmi náà jókòó láàárín wọn, mo ń gbọ́.

Abẹ́òkúta ni mo ti gbé e níyàwó. Ilé àwọn òbí rẹ̀ kọjú sí ti ìyá mi àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, a jọ ń fa omi nídìí kànga kan náà nígbà tí a wà ní kékeré. Nígbà tí mo fi di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí mo ti gba ìwé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ti di olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ó sì mọ̀wé jù mí lọ dáadáa. Orí fóònù la ti fẹ́ra. Mo lọ sílé, a ṣe ìdána, a lọ sí kọ́ọ̀tù, ó wá kó lọ sọ́dọ̀ ìyá mi àgbà láti máa dúró dè mí.

Ìyá mi àgbà kì í fi ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé ṣeré. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Á wá nǹkan mìíràn tó dùn ún pè. Ìyàwó mi kò nílò ẹni tó máa kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ náà ti ń ṣe. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ṣì kéré nígbà tí a kúrò nílé, tí orí fóònù nìkan ló sì ti ń rí i báyìí, ó sọ ọ́ ní Akọ̀wé nítorí awò ojú rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin di Ìdílẹ̀kẹ̀. Ìyá mi di Mọ́mì wa. Èmi náà ní èyí tó ń pè mí. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Inú wọn dùn sí i gan-an. Akọ̀wé, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń lá àlá, á yọ sẹ́nu ọ̀nà bó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù mi: "Sọ fún Ìyàwó pé ọkọ ẹ̀ kékeré wà ńbí o. Kí ló sè fún mi?"

Báwo ló ṣe máa wá ni ọ̀rọ̀ tó kù. Bàbá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń wa bọ́ọ̀sì, Uncle ni gbogbo wa ń pè é. Lójú tirẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. "Gba físà ìbẹ̀wò fún un," ó ní. "Tó bá ti wọlé, ó wọlé nìyẹn. Ta ló máa wá fa aya aláya jáde nínú ilé?" Ìyá mi ní òun ti rí àwọn tó ń fara pamọ́ tó nídìí iṣẹ́ òun, òun kò fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn máa sùn nínú ilé òun. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìṣerun kan ní Woolwich. Òórùn irun tí wọ́n ń fi iná nà máa ń bá wa gòkè àtẹ̀gùn. Auntie la ń pè é.

Auntie sọ gbogbo ọ̀nà tó wà fún wa. Ó ní ẹni tó bá fi físà ìbẹ̀wò wọlé kò lè jókòó síbí kó yí i padà sí ti aya. Ó gbọ́dọ̀ padà sílé, bí kò bá sì padà, ó ti ba ọ̀nà jẹ́ fún ara rẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́ wà, ṣùgbọ́n ilé ìwé ni yóò máa lọ ní tòótọ́, bó bá sì parí, wọ́n lè ní kó máa lọ. Èmi náà lè kó ẹrù mi padà lọ bá a. Nígbà tó débi yẹn, ìyá mi tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Èyí tó kù ni físà ti aya gan-an: owó oṣù mi gbọ́dọ̀ tó iye tí ìjọba là sílẹ̀, ilé wa gbọ́dọ̀ gbà wá, ìyàwó mi á ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, á ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, a ó sì fi hàn pé tọkọtaya gidi ni wá.

"Ìyẹn ni kí ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn jù," Auntie wí. "Wọ́n lè pè é fún interview. Wọ́n á bi í nípa yín, nípa ilé yín. Ohun tó bá fẹnu sọ gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù mu. Gbogbo ẹ̀ pátá."

Mo fi iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan ní Nathan Way kún ti Belvedere títí owó oṣù mi fi tó. Mo kọ orúkọ gbogbo ará ilé sínú fọ́ọ̀mù bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù wọn. Láàárín ìgbà náà, mo lọ sí Abẹ́òkúta fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí ìwé wa fi wọlé, ìyàwó mi ti lóyún. Ojú wá ń kán gbogbo wa. A ń ṣírò rẹ̀ pé bí wọ́n bá tètè dáhùn, Woolwich ni yóò bímọ sí, èmi á sì wà níbẹ̀.

Wọ́n pè é fún interview lóòótọ́. Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá mi kò tíì bọ́ sùtánà funfun rẹ̀, ó kàn ká ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń po ẹ̀wà àkàrà nílé ìdáná. Mo gbé fóònù lé orí tábìlì ní pálọ̀, mo tẹ spíkà, mo na ìwé tí Auntie kọ àwọn ìbéèrè sí síwájú ara mi.

"Níbo lọkọ rẹ ti ń ṣiṣẹ́?"

"Belvedere. Ó ń di páálí."

"Má sọ pé mo ń di páálí. Sọ pé warehouse operative."

"Ṣé kì í ṣe páálí lò ń dì ni?"

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín lórí àga.

"Yàrá mélòó ló wà nílé wa?"

"Mẹ́ta. Ìwọ àti Akọ̀wé lẹ jọ ń sun ọ̀kan. Ó máa ń han-run."

"Irọ́! Èmi kì í han-run!" Akọ̀wé kígbe.

"Kí ni orúkọ Akọ̀wé?"

Ó fi ẹ̀rín bò ó.

"Dárúkọ ẹ̀."

"O mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n."

"Òyìnbó ò mọ̀."

Ó dárúkọ rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì. Ó dárúkọ Ìdílẹ̀kẹ̀. Nígbà tó kan ìyá mi, ó ní kí a fò ó. Mo ní kò sí fífò. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní kí n gbọ́ ọ báyìí. Ó mí kanlẹ̀, ó wá pè é, orúkọ àbísọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá mi tẹ̀ lé e, ketekete, bí olùkọ́ tó ń pe rẹ́jísítà láàárọ̀.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀wà lílọ̀ ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló pè mí?"

"Mọ́mì, interview la ń múra ẹ̀."

"Mo ní ta ló pè mí."

"Mọ́mì wa, èmi ni o." A gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, mo mọ̀ pé ó ti kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ma. Wọ́n ní kí n fi kọ́ra ni."

"Kí o fi kí ni kọ́ra? Pípe ìyá ọkọ lórúkọ? O ò tíì dé o! Abẹ́òkúta lo ṣì wà. Tó o bá wá débí tán ńkọ́, ṣé súfèé lo máa máa sú sí mi?"

"Mum, o ti ń sọ ọ́ di ńlá," Akọ̀wé wí.

"Ta ni ò ń bá sọ 'o'? Ìwọ náà, máa retí tìrẹ."

Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀. A ń gbọ́ bó ṣe ń pò ó kíkankíkan.

Ibí ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Ohun tó yẹ kò ju pé kí n tẹ̀ lé e wọlé, kí n sọ fún un pé bí ọmọ yìí kò bá dárúkọ yín, wọn ò ní fún un ní físà. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ̀rù bà mí. Ó ti pẹ́ tí ìyá mi ti lù mí gbẹ̀yìn, mo ti ga jù ú lọ, síbẹ̀ bó bá ti fa ojú ro, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Mo pa spíkà, mo gbé fóònù jáde lọ sídìí àtẹ̀gùn níta.

"Fi í sílẹ̀," mo wí. "Tí wọ́n bá bi ọ́, ohun tó o máa ń pè wọ́n ni kó o pè wọ́n."

"Kí n máa sọ Akọ̀wé fún òyìnbó?"

"Wọ́n mọ̀ pé àṣà wà. Á yé wọn."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ṣé lọ́yà ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Lọ́yà fúnra ẹ̀?"

"Lọ́yà fúnra ẹ̀."

Lọ́yà kò sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ bi í. Mo padà wọlé, mo jẹ àkàrà mẹ́fà, ìyá mi sì tún bù kún un fún mi.

Lọ́jọ́ interview, ìyàwó mi wọkọ̀ láti Abẹ́òkúta lọ sí Èkó láàárọ̀ kùtùkùtù. Wọ́n mú un wọ yàrá kan, ojú ẹ̀rọ ni ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè wà, kò mọ ìlú tí ọkùnrin náà ti ń sọ̀rọ̀. Àkókò ìsinmi mi ní Belvedere ló pè mí, mo jáde síbi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ń gbà wọlé.

"Mo ṣe é bó o ṣe ní kí n ṣe é," ó wí.

"Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó ń tẹ̀wé ni. Ó bi mí lórúkọ Mọ́mì wa lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní a kì í pè wọ́n lórúkọ. Ó tún ní kí ni orúkọ wọn. Mo rò pé ó ń dán mi wò ni, bóyá ó fẹ́ wò ó bóyá màá yájú. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?"

Mo ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Mo fi fóònù sápò, mo padà sídìí páálí.

Ó lé ní oṣù kan kí èsì tó dé. Ìyàwó mi ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mo ń ti Woolwich bọ̀, mo ń fi ìka fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú kí n lè rí i kà. Wọ́n ní kò lè dárúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ tó pe àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ kò jọ èyíkéyìí nínú ohun tí ọkọ kọ. Wọ́n ní kò dá wọn lójú pé ìgbéyàwó náà jẹ́ òótọ́. Wọ́n kọ "Akọ̀wé" síbẹ̀ láìfi àmì kankan sí i. Mo ṣáà ń wò ó.

Nígbà tí mo kà á fún ìyá mi, ó gbé ọwọ́ lérí. "Ọmọ tó kàwé! Tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Orúkọ ìyá ọkọ ẹ̀ ló gbàgbé?"

Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Ó wà lẹ́nu mi. Ìyá mi ti fa fóònù gbà, ó ti ń pè é.

"Ìyàwó, kí ló dé? Ìwọ tó o pè mí gbangba gbàǹgbà lọ́jọ́sí, kí ló wá di ọ́ lẹ́nu?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, Mọ́mì wa," ìyàwó mi wí. "Ẹ má bínú."

Ó lóyún oṣù márùn-ún, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí èmi ní kó ṣe. Lẹ́yìn náà, nígbà tí àwa méjèèjì nìkan wà lórí fóònù, ó ní, "Mi ò sọ fún wọn."

Mo ní mo mọ̀, mo ṣeun.

Ó ní, "Ìwọ ló kù."

Mo ní màá sọ. Nígbà tí Auntie bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀, èmi náà ní ẹ̀rù ló bà á. Auntie ṣẹ́ ojú, ó ní a máa gbé e lọ síwájú adájọ́, kí a máa retí, ó máa pẹ́.

Ó pẹ́. Ọmọ wa dé, obìnrin. Orí fóònù ni mo ti wo ìkómọ rẹ̀. Ẹnì kan ń gbé fóònù náà kiri, orí àwọn èèyàn àti páànù òrùlé ni mo ń rí jù. Mo lè lọ. Ọ̀gá mi á fún mi lọ́sẹ̀ kan. Mo sọ fún ìyàwó mi pé lọ́yà ní iṣẹ́ mi kò gbọdọ̀ já lójú ìwé nígbà tí ẹjọ́ wà nílẹ̀. Lọ́yà náà ni mo tún dì í lé lórí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ dúró níwájú rẹ̀ kó wo ojú mi.

Ní gbogbo ìgbà yìí, ìyá mi kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Bí ìyàwó mi bá gbàgbé nǹkan kékeré kan, á ní, "Ṣé bó ṣe gbàgbé orúkọ mi náà nìyẹn?" Ó sọ ọ́ fún Uncle ní ṣọ́ọ̀ṣì, Uncle ní, "Ṣé mi ò sọ fún yín? Físà ìbẹ̀wò!" Wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín. Mo máa ń yọ́ jáde.

Ọmọ náà pé oṣù mẹ́rin ní ọ̀sẹ̀ tí Auntie pè wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa. Ó ń yẹ ìwé wò, ó wá ní nǹkan kan wà tí òun kò tíì sọ. "Torí pé bàbá ti di ọmọ ilẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí i, ọmọ ilẹ̀ yìí lòun náà. A lè gba páásípọ́ọ̀tù fún un. Òun ò nílò físà."

Ìyá mi na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ. "Ìyẹn ni pé ọmọ lè máa bọ̀?"

"Ó lè máa bọ̀, Mummy. Ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀..."

"Kí ìyá ẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn."

Nígbà tí a fi sọ̀kalẹ̀ dé ibùdókọ̀, ó ti pín gbogbo rẹ̀ tán. Òun á dín iṣẹ́ kù. Ìdílẹ̀kẹ̀ á máa mú un ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀rẹ́ òun kan ní ibùsùn ọmọdé tí kò lò mọ́. A wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tẹ spíkà, ó pe Abẹ́òkúta, ohùn rẹ̀ kún bọ́ọ̀sì.

"Ìyàwó! Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi mílíìkì inú agolo kọ́ ọmọ o. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìwọ náà, tó o bá ti rántí orúkọ ará ilé tán, wàá bá wa níbí."

Eré ló fi ṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ èémí ìyàwó mi nínú fóònù, mo sì ń gbọ́ ọmọ náà, ó ń mu ọyàn, ó ń ṣe hùn-ún hùn-ún bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ ṣeun, ma," ìyàwó mi wí. Mo dúró kó sọ ọ́, kó dárúkọ mi, kó ní ọkọ mi ló ní kí n má pè yín. Kò sọ ọ́. Ó tún ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì wa," fóònù sì kú.

Mo ní, "Mọ́mì."

"Màá gbé ibùsùn yẹn sí ẹ̀gbẹ́ tèmi."

"Mọ́mì, kò gbàgbé orúkọ yín. Èmi ni mo ní kó má pè yín."

Ó yíjú sí mi.

"Lọ́jọ́ tí ẹ bínú, tí ẹ ń po ẹ̀wà. Mo jáde síta, mo sọ fún un pé ohun tó máa ń pè yín ni kó sọ. Mo ní lọ́yà ló sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Lọ́yà ò mọ̀ sí i."

Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ìtọ́jú bíi ti ìyá mi wà níwájú wa. Orí rẹ̀ yí díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ Yorùbá.

Ìyá mi gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó nawọ́ tẹ aago, ibùdókọ̀ méjì kù kí a dé ilé. Ó sọ̀kalẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Ó ń rìn létí adágún omi tó wà nítòsí ilé wa, báàgì rẹ̀ ń gbá a nítan, mi ò rí i kó rìn yára bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó dúró, kò kọjú sí mi.

"Láti ìgbà yẹn," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí mo ń fi ọ̀rọ̀ gún ọmọ ọlọ́mọ yẹn, ò ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́."

"Ò ń jẹ oúnjẹ mi, ò ń gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma."

"Ṣé èmi ni mo ní kó má pè mí, àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin lẹ bínú. Èmi ni mo ní kó má pè yín."

Ó nu imú rẹ̀. "Lójú ẹ, bó o bá ti sọ fún mi pé físà ni, ṣé màá ní kí wọ́n má pè mí? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni mo burú tó?" Lóòótọ́, mi ò mọ̀. Mi ò fún un láyè kó fi hàn mí. "Pe lọ́yà," ó wí. "Nísinsìnyí. Kí n máa gbọ́."

Auntie kò pariwo mọ́ mi. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́, kí n sì kà á fún ìyàwó mi kí n tó fọwọ́ sí i, torí òun náà á fọwọ́ sí tirẹ̀. Mo kà á fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí mo kọ pé lọ́yà kò sọ bẹ́ẹ̀, ó ní kí n dúró, kí n tún ibẹ̀ kà. Gbogbo ìgbà tó fi ń gbé ẹ̀bi náà, ó rò pé àṣìṣe lọ́yà ló kọ́kọ́ ṣi èmi náà lọ́nà.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi ọ́," ó wí.

Mo ní mo mọ̀.

"Mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì." Ó gbé fóònù sílẹ̀. Kò pè mí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìyá mi ló pè é. Mi ò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ. Ìyá mi ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Ibùsùn ọmọdé náà kò wọ ilé wa. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún Auntie pé ìyá àti ọmọ ni wọ́n máa jọ wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ọmọ dúró ti ìyá rẹ̀.

Ó tún ní òun máa bá mi lọ síwájú adájọ́. Yàrá kékeré ni, kò jọ kọ́ọ̀tù tí mo ń rò. Adájọ́ jẹ́ obìnrin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dúró fún ìjọba. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi mí ẹni tó kọ́ ìyàwó mi ní ohun tó sọ. Mo ní èmi ni. Ó ní ṣé kì í ṣe pé ìyàwó mi àti àwọn ará ilé mi kò mọ ara wọn ni, tí mo wá ń wá àwáwí. Mo ní rárá. Ó ní ṣé agbẹjọ́rò mi ló gbà mí nímọ̀ràn. Auntie jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń wo bírò rẹ̀. Mo ní rárá, irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, nítorí mò ń bẹ̀rù ìyá mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan mí sókè lẹ́yìn. Ìyá mi ni.

Nígbà tó kàn án, adájọ́ bi í pé kí ni ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń pè é.

"Mọ́mì wa."

Ṣé ó mọ orúkọ rẹ̀ gan-an?

"Ó mọ̀ ọ́n," ìyá mi dáhùn. "Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo sì fi jẹ ẹ́ níyà." Ó wá sọ ohun tí èmi náà kò gbọ́ rí. Ó ní ọdún mẹ́tàdínlógún lòun fi jẹ́ ìyàwó ilé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, lọ́jọ́ tí ìyá náà kú, tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ìsìnkú, òun ni wọ́n rán lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Atẹ̀wé ní kí ni orúkọ olóògbé. Òun dúró níbẹ̀, òun ò lè dárúkọ rẹ̀. Òun ní láti padà sílé lọ mú ọmọdé kan dání tó máa bá òun sọ ọ́. "Wọn ò sọ pé kì í ṣe ilé ọkọ mi," ìyá mi wí. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì pẹ́ tó ń kọ ọ́.

A jàre. Ìyàwó mi àti ọmọ wa wọlé nígbà tí òtútù ti ń lọ, ọmọ náà ti ń tẹ̀ dìde. Ìyá mi dúró ní pápákọ̀ òfúrufú, kò sáré mú ọmọ bí mo ṣe rò. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dì mọ́ra. Ìyàwó mi ní, "Ẹ kú ilé, Mọ́mì wa," ó fẹ́ kúnlẹ̀ láàárín àwọn tó ń ti ẹrù lọ, ìyá mi fà á dìde. Akọ̀wé gba báàgì, ó ní, "Ìyàwó, wò ó, èmi rèé o, èmi tí wọ́n kọ sínú ìwé ìjọba." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kí mi dáadáa, ó gbé ọmọ fún mi. Ó pè mí ní Dádì. Orúkọ tó ń pè mí tẹ́lẹ̀, tí mo ní mi ò ní kọ síbí, kò pè é lọ́jọ́ náà, kò sì tíì pè é títí di òní. Mi ò béèrè.

Físà tí wọ́n fún un, ó lé díẹ̀ ní ọdún méjì àbọ̀, lẹ́yìn náà a ó tún béèrè. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó ń bọ́ ọmọ lórí tábìlì, ó ní, "Ṣé wọ́n á tún fún wa?"

Mo ní wọ́n á fún wa.

Kò gbójú sókè. Ó ń nu ẹ̀kọ kúrò lẹ́nu ọmọ. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo fẹ́ sọ pé ó dá mi lójú. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n mi, bó ṣe máa ń yá mi lẹ́nu.

"Kò dá mi lójú," mo wí. "Jẹ́ kí n bi lọ́yà."

"Bi í níbí."

Mo pe Auntie. Mo tẹ spíkà, mo gbé fóònù lé orí tábìlì láàárín wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.